Ohun Tí Ẹ́ńjìnnì Gbé Mì

Ọgbẹ́ mẹ́sàn-án ló wà lẹ́yìn ìjàpá odò náà. Wọ́n tò tẹ̀léra láti ọrùn dé ìdí, bí ìgbà tí ẹni tó fara balẹ̀ bá ń gé búrẹ́dì. Orí tábìlì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí ní àgọ́ ọlọ́pàá, òórùn rẹ̀ sì ti lé àwọn akọ̀wé jáde. Gbogbo ẹni tó kù nínú yàrá náà ló fi aṣọ bo imú, àfi obìnrin kan ṣoṣo. Òun bẹ̀rẹ̀, ó sún mọ́ ọn débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìkarahun, ó sì ń fi ìka tọ ojú ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni obìnrin yìí. Atọpinpin ni gbogbo àgọ́ ń pè é, nítorí pé bí abẹ́rẹ́ bá sọnù sínú iyanrìn, kò ní bá yín wá abẹ́rẹ́. Ohun tó máa bèèrè ni pé ta ló ń ránṣọ létí omi.

"Ọ̀gá, ẹ fi ẹran yìí sílẹ̀ o jàre, ẹjọ́ ti parí." Sájẹ́ǹtì tó dúró sẹ́yìn rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kíá-ńkíá ni wọ́n ń pe òun, orúkọ náà sì ń ro ó. "Bàbá Aláwọ̀n ló pa wọ́n. Mo bá àdá ẹlẹ́jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá òkú ìjàpá mẹ́rin lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lọ́la la ó gbé e lọ sílé ẹjọ́."

"Ó jẹ́wọ́?"

"Kò jẹ́wọ́, kò sì jiyàn. Ilẹ̀ ló ń wò. Ọ̀gá, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ kì í dákẹ́."

"Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ká lára náà máa ń dákẹ́."

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Adágún odò ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀, kọ̀rọ̀ kan wà tí òṣíbàtà bò pátápátá. Ibẹ̀ ni ẹja ń yé sí, ibẹ̀ ni ẹyẹ omi ń kọ́ ìtẹ́ sí, ibẹ̀ sì ni ìjàpá odò ti ń jẹun kó tó lọ yé ẹyin sínú iyanrìn. Òfin ti dè é pé àjẹ̀ nìkan ni kí ènìyàn fi wọbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kankan kò gbọdọ̀ kọjá okùn pupa tí wọ́n fi yí i ká. Ní ìjẹta, Alága ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ fàájì fúnra rẹ̀ ló wá fẹjọ́ sùn ní àgọ́. Ó ní àwọn apẹja, Bàbá Aláwọ̀n ní pàtàkì, ti ń fi àdá ṣá ìjàpá pa torí pé ó ń ya wọ́n láwọ̀n, kí ìjọba lé wọn kúrò ní kọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n fi í síkàáwọ́ ẹgbẹ́ òun, àwọn á máa ṣọ́ ọ.

Atọpinpin wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ti ń lu tábìlì. "Ẹni tó bá pa ẹ̀dá Ọlọ́run báyìí, kí ojú rẹ̀ rí màbo! Kí ẹ má gba onídùúró rẹ̀! Kó má fẹsẹ̀ kan omi yẹn mọ́ láyé!"

Nínú àlọ́, ìjàpá ló máa ń rẹ́ gbogbo ayé jẹ. Èyí tó wà lórí tábìlì yìí kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Koríko ló ń jẹ nínú omi tí ikú fi bá a, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí Atọpinpin.

"Kíá-ńkíá, gbé ike omi tó ti bàjẹ́ yẹn síta. Mú àdá. Ṣá a lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, kí gbogbo rẹ̀ tò bíi ti ẹ̀yìn ìjàpá yìí."

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín, ó káṣọ. Ó ṣá a. Àkọ́kọ́ wọlé dáadáa, ìkejì dábùú, ìkẹta ta dànù, ó kù díẹ̀ kó bu ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ike náà dà bí ohun tí ajá fi ṣeré.

"Ìwọ tí o jẹun yó, tí ike dúró jẹ́ẹ́ fún, o ò lè ṣá a kó gún," Atọpinpin wí. "Bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló wá ṣá ìjàpá tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi, tó sì gún régé? Ìjàpá ọ̀hún ń bá a ka iye rẹ̀ ni?"

Kíá-ńkíá nu òógùn ojú.

"Máa bọ̀, wò ó dáadáa. Gbogbo ọgbẹ́ yìí tẹ̀ kọrọdọ sápá kan náà. Méjì jìn, ìkẹta fẹ́lẹ́. Méjì jìn, ìkẹta fẹ́lẹ́. Títí dé ìdí. Kí ló ní abẹ mẹ́ta, tó ń yí, tí ẹnu ọ̀kan sì ti kán?"

Ọkùnrin náà ya ẹnu. "Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì! Èyí tó ń yí lábẹ́ omi!"

"Ó ṣeun. Inú ọkọ̀ ni apànìyàn wa jókòó sí."

"Apànìyàn kọ́, Ọ̀gá. Apajàpá."

"Tí wọ́n bá ti bàbá arúgbó mọ́lé títí tó fi kú síbẹ̀, wàá mọ orúkọ tó yẹ ká pè é."

*

Bí Kíá-ńkíá ti máa ń ṣe náà ló ṣe: kò tíì ronú tó fi mú ẹlòmíràn. Awakọ̀ èrò ni, èyí tó ń gbé àwọn ará ọjà kọjá láti èbúté kan sí èkejì. Kápútẹ̀nì ni gbogbo ayé ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kan péré ló ní. Wọ́n bá a níbi tó ti gbé ìdí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sókè kúrò nínú omi, tó ń fi ìka fa nǹkan yọ lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú abẹ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti kán lẹ́nu.

"Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́!" Kíá-ńkíá pariwo, ó ti fa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yọ.

"Ọwọ́ tẹ ta ni? Èmi tí mo gbé ìyàwó yín lọ sọ́jà láàárọ̀ yìí!"

Atọpinpin fọwọ́ sún sájẹ́ǹtì rẹ̀ sẹ́yìn. "Abẹ mélòó lẹ ní, Kápútẹ̀nì?"

"Mẹ́rin ni, Màmá. Ẹ kà á."

Ó kà á. Mẹ́rin ni lóòótọ́. Ká ní òun ló kọjá lórí ìjàpá yẹn, ọgbẹ́ kẹrin ni ì bá fẹ́lẹ́, kì í ṣe ìkẹta. Kíá-ńkíá dá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ padà sápò bí ẹni tó jí i.

"Kí lẹ ń yọ lára rẹ̀ yìí?" obìnrin náà bèèrè.

"Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ẹrù ọjà ni. Ẹ́ńjìnnì yìí ń mumi bí ènìyàn ni, Màmá. Ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí ló fi ń fà á wọlé, kó fi tu ara rẹ̀ lára. Bí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bá dí, á gbóná, á kú. Lójoojúmọ́ ni mò ń yọ ọ̀rá."

"Ẹ kì í bá ewé níbẹ̀?"

Kápútẹ̀nì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Ewé wo? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òṣíbàtà ló kún gbogbo etí omi yìí. Àwa ẹlẹ́ńjìnnì ti gé e tán. Èyí tí a ò gé, ìgbì àwọn ọkọ̀ fàájì fà á tu. Ẹ ò tún lè rí ewé kan lójú omi yìí mọ́, àfi lẹ́yìn okùn pupa. Kí n má purọ́, ọwọ́ tèmi náà wà níbẹ̀."

Atọpinpin wo etí omi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ ni, ọ̀rá ni, òróró tó ń dán lójú omi ni. Ó mi orí, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sínú.

*

Nínú àtìmọ́lé, Bàbá Aláwọ̀n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, iyanrìn ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Bàbá, a ti mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ló pa wọ́n. Kí wá ni ẹ̀yin fi àdá ṣe?"

Bàbá gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Wọ́n ti kú kí n tó débẹ̀. Méjì nínú wọn, ẹyin kún inú wọn. Mo la inú wọn, mo kó ẹyin náà, mo sì bò ó mọ́ iyanrìn. Bí ìyá bá kú, tí ènìyàn bá tètè dé, ọmọ ṣì lè yè. Bí bàbá tèmi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Atọpinpin wo sájẹ́ǹtì rẹ̀. Sájẹ́ǹtì wo bàtà ara rẹ̀.

"Ta lẹ rí lójú omi, Bàbá?"

"Omi rí i. Ẹ bi omi."

"Ilé ẹjọ́ ni lọ́la o. Wọ́n lè gba omi yẹn lọ́wọ́ yín títí ayé."

Bàbá yíjú sí ògiri. "Ọmọ ẹni kì í burú títí, ká lé e fún ẹkùn pa jẹ."

*

Ọmọbìnrin Bàbá Aláwọ̀n ló fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé wọn lọ sí kọ̀rọ̀ òṣíbàtà. Atọpinpin tí kì í bẹ̀rù olè, tí kì í bẹ̀rù ìbọn, di etí ọkọ̀ náà mú bí ọmọ tuntun ti ń di ọmú ìyá rẹ̀ mú. Kò mọ omi wẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti mì báyìí, á pe Ọlọ́run, á pe ìyá rẹ̀, á sì ní kí Kíá-ńkíá má mí mọ́.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó gbàgbé ẹ̀rù. Okùn pupa ti já, ó ń léfòó kiri lójú omi. Láti ibẹ̀ wọnú, ọ̀nà kan la àárín òṣíbàtà kọjá bí ìgbà tí wọ́n fi katakata la oko olóko. Omi tó yẹ kó mọ́ gaara ti di ẹrẹ̀. Ìtẹ́ ẹyẹ mẹ́ta dojú dé, ẹyin inú wọn sì ti fọ́. Àwọn ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ léfòó lábẹ́ òróró, funfun báláú.

"Ẹja kan wà níbí," ọmọbìnrin náà wí, "akọ rẹ̀ ló máa ń ṣọ́ ẹyin. Kì í jáde lọ jẹun. Bí ẹ bá fi àjẹ̀ lé e, á bá yín jà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dé, mo mọ̀ pé kò sá." Ó gbé àjẹ̀ dúró. "Kò sá, Màmá. Ó rò pé òun lè lé e padà."

Ojú Atọpinpin pọ́n. Kí ni àwọn ẹlẹ́ńjìnnì yìí wá wá níbí? Gbogbo adágún ló ṣí sílẹ̀ fún wọn láti máa sáré. Ìdí tí wọ́n fi wọbẹ̀ kò ju pé òfin ní kí wọ́n má wọbẹ̀ lọ.

Ó ní kí wọ́n tọ ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì là náà. Ó lọ tààrà, ó lọ tààrà, lójijì ló ṣẹ́ kọ́rọ́ sápá òsì, ó tún padà sójú ọ̀nà.

"Kí ló dé tó fi yà níbí? Mi ò rí nǹkan kan."

Ọmọbìnrin náà ki àjẹ̀ bọ omi. Ó kan nǹkan, ó dún kọ́. "Àpáta ni. Ojú kì í rí i láti òkè. Bí ẹlẹ́ńjìnnì bá sáré gbà á, ọkọ̀ rẹ̀ á fọ́."

"Ta ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

"Bàbá mi. Èmi. Àti..." Ó dákẹ́.

"Àti ta ni?"

"Bọ̀dá mi." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ilé wa ló dàgbà sí nígbà tí bàbá tiẹ̀ kú. Bàbá mi ló kọ́ ọ ní àjẹ̀, òun ló fi àpáta yìí hàn án. Bọ̀dá mi yìí ni Alága àwọn ọlọ́kọ̀ fàájì báyìí."

Kíá-ńkíá súfèé. Atọpinpin na ọwọ́, ó já ewé òṣíbàtà kan tí abẹ ti gé sí méjì, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpò.

*

Alága pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹgbẹ́, ó wọ fìlà funfun, gbogbo eyín rẹ̀ ló wà níta. "Ẹ káàbọ̀, Màmá! Ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò! A ti lékè wọn! Ẹ wá wo àwòrán èbúté tuntun tí a fẹ́ kọ́ sí kọ̀rọ̀ yẹn. Ibi ijó ń bẹ níbẹ̀."

"Ó mà dára o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo àwọn ọkọ̀ yín."

Wọ́n tò wọ́n sórí ilẹ̀, lábẹ́ ìborí rọ́bà. Abẹ mẹ́ta mẹ́ta ni gbogbo wọn ní. Abẹ̀bẹ̀ ti àwọn tó kù ti dúdú, ó ti họ, ṣùgbọ́n kò kán. Ti ọkọ̀ ńlá Alága nìkan ló ń dán yanran.

"Tuntun lèyí?"

"Láti oṣù tó kọjá ni mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Ti àtijọ́ ti gbó."

"Ṣé ọkọ̀ yìí ti wọ omi láti ìgbà náà?"

"Rárá o! Mo fọ̀ ọ́, mo bò ó. Ó ń dúró de ìdíje wa."

"Ó ti wọ kọ̀rọ̀ òṣíbàtà rí?"

"Láéláé! Màmá, èmi tí mò ń jà fún ẹranko? Kò wọbẹ̀ rí!"

Lóòótọ́, ara ọkọ̀ náà mọ́ fefe, òórùn ọṣẹ ń bọ́ lára rẹ̀. Kíá-ńkíá bẹ̀rẹ̀ sí í mi ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń pé jọ, wọ́n mú ife dání, wọ́n ń wo obìnrin náà bí ẹni tó wá bá wọn gbálẹ̀.

"Ẹ ti fọ ẹnu rẹ̀ lóòótọ́," Atọpinpin wí. "Sájẹ́ǹtì, bá mi wo ọ̀nà ọ̀fun."

"Kí nìyẹn?" Alága bèèrè.

Kíá-ńkíá ti kúnlẹ̀. Ó tú ìdérí ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mumi. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó fà. Nǹkan tútù kan tẹ̀lé ìka rẹ̀ jáde, ewé tó ti lọ́ pọ̀ mọ́ igi òdòdó, àwọ̀ ewé rẹ̀ kò tíì ṣá. Ó tún fà á, òmíràn jáde. Nǹkan róbótó róbótó, kékeré bí orí abẹ́rẹ́, lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ewé náà.

"Ẹyin ẹja," Atọpinpin wí. Ó mú ewé inú àpò rẹ̀ jáde, ó fi wọ́n ṣẹ̀gbẹ́ ara wọn. Gbogbo ènìyàn ló rí i pé ìyá kan náà ló bí wọn.

Alága ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn. "Òṣíbàtà? Ṣé òṣíbàtà náà di ẹ̀rí? Ibo ni òṣíbàtà ò sí nínú adágún yìí?"

"Ẹ nàka sí i."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Adágún rèé. Ẹ nàka síbi tí òṣíbàtà wà."

Ọkùnrin náà yíjú sómi. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ó gbé ìka sókè, ìka náà ń wá ibi tó máa bà sí. Ẹrẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, òkúta pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rá pọ̀ níbẹ̀. Ó rọra gbé ọwọ́ náà wálẹ̀.

"Ká ní ẹ fi òṣíbàtà sílẹ̀ létí omi ni," Atọpinpin wí, "ẹ̀ bá rí irọ́ pa lónìí. Ẹ ti gé gbogbo ẹlẹ́rìí tó lè gbè yín dànù. Èyí tó kù lẹ́yìn okùn pupa nìkan ni ẹ́ńjìnnì yín lè gbé mì. Ọkọ̀ tí kò wọ omi láti oṣù tó kọjá ló ní ewé tútù lọ́fun? Abẹ̀bẹ̀ tó kán ńkọ́?"

Ìgbéraga rẹ̀ tú palẹ̀. "Ó wà nísàlẹ̀ omi. Mo jù ú síbẹ̀. Màmá, a kàn fẹ́ mọ bó ṣe máa ń sáré tó níbi tí omi ò ti jìn ni. Mi ò mọ̀ pé ìjàpá wà níbẹ̀!"

"Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà lójú omi yẹn ni kò mọ̀?"

"Ṣé torí ìjàpá lásán lẹ fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́?"

Atọpinpin kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Nígbà tí ẹ wá fẹjọ́ sun bàbá tó tọ́ yín, kì í ṣe ìjàpá lásán. Ẹ̀dá Ọlọ́run lẹ pè é. Ẹ ní kí ojú ẹni tó pa á rí màbo. Ẹ ní ká má gba onídùúró rẹ̀. Ẹ ní kó má fẹsẹ̀ kan omi yẹn mọ́ láyé. Èmi ò ní fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo máa sọ ọ́ fún adájọ́. Sájẹ́ǹtì!"

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó bínú pé ọwọ́ Kíá-ńkíá yá.

*

Ẹnu ọ̀nà àtìmọ́lé ni àwọn méjèèjì ti pàdé, bí wọ́n ti ń mú ọ̀kan jáde, tí wọ́n ń mú èkejì wọlé. Alága dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò rí mi."

Bàbá Aláwọ̀n wò ó nílẹ̀. "Nígbà tí wọ́n ń tì mí wọ mọ́tò, tí àwọn ènìyàn ń pè mí ní ìkà, o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá."

"O rí mi?"

Omi ojú Alága ń bọ́ sílẹ̀.

"Mo ti bò ọ́ tó," bàbá náà wí. "Èyí tí mo bò mọ́ iyanrìn ni mo fẹ́ lọ wò."

Ó ré e kọjá. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń dúró níta pẹ̀lú àjẹ̀ méjì. Atọpinpin tẹ̀ lé wọn dé etí omi, ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ó pe Ọlọ́run, ó pe ìyá rẹ̀, ó sì gbé èkejì sí i.